Ṣé kí alámèyítọ́ fèsì ni, àbí kó dákẹ́?

Obìnrin kan tó ń kọ lámèyítọ́ fíìmù àti orin, ìyẹn ni pé ó ń yẹ̀ wọ́n wò, tó sì ń sọ ibi tí wọ́n dára sí àti ibi tí wọ́n kù sí, ló fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè tú u fó kúrò: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kọ̀wé lórí fíìmù àti orin. Lóṣù tó kọjá, mo kọ̀wé nípa fíìmù kan tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀. Mo ní àwòrán inú rẹ̀ dára, àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe bẹbẹ, àmọ́ ìyá inú ìtàn náà kò rí ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, ó wá dà bí àga inú ilé. Kó tó di ọjọ́ kejì, èébú ti gba ojú ìwé mi kan. Wọ́n ní owú ló ń jẹ mí, wọ́n ní ta ló fi mí jẹ adájọ́, wọ́n ní fíìmù mélòó ni èmi fúnra mi ti ṣe. Mo dá mẹ́ta nínú wọn lóhùn, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn da epo síná. Mo wá dákẹ́, wọ́n ní ìgbéraga ni. Ó ń ṣe mí bíi kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n sì gbàgbé iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa fèsì ni àbí kí n máa dákẹ́?"

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tó jẹ́ pé inú àpò ìfìwéránṣẹ́ ni lẹ́tà àwọn òǹkàwé ti ń wá, mo sì mọ bó ṣe ń rí nígbà tí fóònù bá ń gbọ̀n lórí tábìlì lóru, tí ọwọ́ ò sì fẹ́ lọ síbẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè tó o bi mí kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Fèsì tàbí dákẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Ọ̀rọ̀ etí ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀: kí ni wọ́n ń sọ gan-an, ṣé òótọ́ sì ni? O fi ogójì nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ọ mọ́ lẹ́tà rẹ. Mo mú bírò àti ìwé, mo jókòó tì wọ́n fún odindi àárọ̀ kan, mo sì ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́tàlélógún jẹ́ èébú lásán: wọn ò tọ́ka sí ìran kankan nínú fíìmù náà, wọn ò dárúkọ òṣèré kankan, wọn ò sì mú gbólóhùn kankan nínú ohun tó o kọ. Mẹ́sàn-án wá látọ̀dọ̀ àwọn tí fíìmù náà wọ̀ lákínyẹmí ara; ẹ̀dùn ọkàn wọn ni wọ́n ń sọ, wọn ò bá ọ jà. Ó ku mẹ́jọ tó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà gan-an. Márùn-ún nínú mẹ́jọ yìí ló sọ ohun kan náà, pé ìyá yẹn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ níbi tó ti dúró lẹ́nu géètì tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fọwọ́ sí ìwé kan. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ àkókò rẹ̀ síbẹ̀: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo lọ wo fíìmù náà. Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Gbólóhùn méjì péré ni, àmọ́ ó sọ̀rọ̀.

O ò mẹ́nu ba èyí rárá nínú lẹ́tà rẹ. Mi ò rò pé o fẹ́ fi pa mọ́, torí ìwọ náà lo kó wọn ránṣẹ́ sí mi. O kàn ò rí i ni. Ọkàn ẹ̀dá kì í fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ire àti ibi. Roy Baumeister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2001, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ibi máa ń wọni lára ju ire lọ fíìfíì. Tí èébú bá wá rọ̀jò báyìí, ojú á ṣú, ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà àti ẹni tó ń sọ òkò á wá jọra. Ó tún burú ní ti pé ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn kọ́kọ́ pè ọ́ ní òpè kó tó sọ ohun tó rí. Ta ló máa gba àtúnṣe lẹ́nu ẹni tó pe òun ní òpè? Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ṣì wà nínú fíìmù náà, bó ṣe sọ ọ́ kò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Mo mọ èyí torí mo ti ṣe é rí, tèmi sì burú ju tìrẹ lọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Mo kọ̀wé lórí ìpàtẹ àwòrán kan, mo sì fi gbogbo ẹnu sọ pé èyí tó tóbi jù níbẹ̀ wo iṣẹ́ ayàwòrán mìíràn kọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi tẹ̀rùtẹ̀rù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé èyí tí ẹ ní ó wo òmíràn kọ yìí ló kọ́kọ́ wáyé." Ó fi àwòrán ẹ̀yìn kánfáàsì náà sí i. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ ọdún síbẹ̀, òǹkà tó gbẹ̀yìn wọ́ díẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni pé ọ̀dà náà ò tíì gbẹ tí wọ́n fi gbé e dúró. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣáájú èkejì. Dípò kí n wo ọdún, orúkọ ọmọ náà ni mo wò. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo fèsì pé, "Ìwé mélòó lo ti kà nípa iṣẹ́ ọnà?" Mo bá lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ya gbólóhùn yẹn lójú fóònù, ó ti dé ibi tí ìwé tí mo ń kọ ò dé rí. Títí dòní, àwọn kan wà tó jẹ́ gbólóhùn yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́fà ló gbà mí kí n tó tọrọ àforíjì, ọjọ́ mẹ́fà tí mo fi ń wá ibi tí mo lè gbà jàre. Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé mo fi ipò bo àṣìṣe. Kò sì yẹ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe rárá. Àwa tí a ń jẹun nídìí kí á máa tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ ẹlòmíràn kù sí, ẹnu wo la máa fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tọ́ka sí tiwa? Ayàwòrán yẹn ò sá fún mi nígbà tí mo wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó ní kí olójú wá wò ó. Ọ̀rọ̀ tí àwa náà ń gbé síta, ara ògiri ló wà.

Mo mọ̀ pé o tún ń bi ara rẹ pé, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fíìmù lásán fi ń mú kí ẹni tí kò mọni rí bú ìyá ẹni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí ní láti wá ìwé, kó wá àpòòwé, kó ra sítáǹbù, kó sì rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìbínú á ti rọlẹ̀ kó tó débẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá sì dé, olóòtú ló máa kọ́kọ́ kà á. Lóde òní, ọ̀rọ̀ tó o kọ fún ìwọ̀nba àwọn tó mọ̀ ọ́, tí wọ́n mọ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀, máa ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye tí kò mọ̀ ọ́ rí, gbólóhùn kan tí ẹnì kan gé jáde nínú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa rí. Nínú mẹ́tàlélógún tó bú ọ, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀pọ̀ ò kà dé ibi tó o ti yin àwọn òṣèré. Kì í ṣe pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ tí wọn ò fara mọ́ ọn. Wọn ò kà á ni. John Suler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé lọ́dún 2004 ìdí tí ẹnu èèyàn fi máa ń là lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju bó ti yẹ lọ: a ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ojú ò rójú, ẹni tó sọ̀rọ̀ sì lè bá tirẹ̀ lọ kí ẹni tó sọ ọ́ sí tó gbọ́. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọ kò rí i bí ojú rẹ ṣe yí padà.

Ẹ̀rọ náà sì ní ọwọ́ tiẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2017, William Brady àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ tó lé ní 500,000 wò lórí Twitter, lórí àwọn ọ̀ràn ìṣèlú tí àríyànjiyàn wà lé. Wọ́n rí i pé bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó pa ìmọ̀lára bí ìbínú pọ̀ mọ́ ìdájọ́ rere àti búburú bá ṣe ń wọ inú ohun téèyàn kọ, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó ń tún un pín ń fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìyẹn, kì í ṣe ti fíìmù, àmọ́ ẹni tó bá ti wo bí àwọn olólùfẹ́ olórin méjì ṣe ń bá ara wọn jà máa mọ̀ pé ọ̀nà ò jìn síra. Chris Wetherell, ẹni tó ṣáájú àwọn tó ṣe bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tún ọ̀rọ̀ pín lórí Twitter lọ́dún 2009, sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pé nígbà tí òun rí bí wọ́n ṣe ń lò ó láti ya bo èèyàn, ó wá sọ́kàn òun pé bóyá ńṣe ni àwọn gbé ìbọn tó ní ọta nínú fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tó o bá fi ìbínú dá ẹlẹ́nu burúkú lóhùn, ìwọ náà lo ń bá a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì bá tí rí i. Ìdí tí àwọn mẹ́ta tó o dá lóhùn fi di iná nìyẹn.

Ìdí kan tún wà tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ, òun ló sì máa ń ṣe mí láàánú jù. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ tí òun sin bàbá òun lòun wo fíìmù náà. Ìwọ ń sọ nípa bí wọ́n ṣe to ìtàn, òun ń gbọ́ pé ẹkún tí òun sun lọ́jọ́ yẹn, ẹkún òmùgọ̀ ni. Iṣẹ́ ọnà tó bá ti bá èèyàn gbé ní àkókò ìṣòro kì í ṣe ohun tó wò mọ́, ó ti di ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá kọ ìlà kan sí i: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ohun tí fíìmù náà ṣe fún yín, ọ̀rọ̀ mi ò lè gbà á lọ́wọ́ yín." Màá fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mi ò ní sọ pé "ṣùgbọ́n".

Ní ti "fíìmù mélòó lo ti ṣe", má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ kò ní láti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ bàtà kó tó sọ pé ó ń ta òun. Síbẹ̀, mo máa ń gbọ́ nǹkan kékeré kan nínú ìbéèrè yẹn: wọ́n ń bi wá bóyá a mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Ó bójú mu kéèyàn lọ jókòó ti àwọn tó ń gé fíìmù lọ́jọ́ kan, kó wo bí wọ́n ṣe ń fi wákàtí mẹ́ta wá ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rọ̀ èèyàn máa ń yàtọ̀ lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ti owú ní tiẹ̀, má fèsì sí i láé. Kò sí bí o ṣe fẹ́ la inú rẹ fún aráyé wò. Bó o bá sì ti kọ ọ́ pé "mi ò jowú", ìwọ fúnra rẹ ti fi ọwọ́ ara rẹ sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ owú, ìyá tó dúró lẹ́nu géètì ti di ìgbàgbé.

Jẹ́ ká wá wo àwọn ọ̀nà tó wà níwájú rẹ. Kó o dá gbogbo wọn lóhùn, kò ṣeé ṣe. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, Alberto Brandolini, sọ ọ́ lọ́dún 2013 pé agbára tí èèyàn fi ń tú ìsọkúsọ palẹ̀ máa ń tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú kan bú ọ lè gba gbogbo ọ̀sán rẹ. Mo sì wo àwọn mẹ́ta tó o dá lóhùn: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára mẹ́tàlélógún. Àwọn tó bú ọ lo fún ní àkókò rẹ, àwọn tó tún ọ ṣe lo dákẹ́ sí. Ẹni a bá ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ìdákẹ́jẹ́ ńkọ́? Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Tó o bá dákẹ́ sí èébú, ó tọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọ́ bú. Tó o bá dákẹ́ sí àṣìṣe tí èèyàn márùn-ún ti fi hàn ọ́, tó o sì jẹ́ kó wà lójú ìwé rẹ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ti ń lọ sí ọ̀nà irọ́. Kó o pa á rẹ́ ni mo kórìíra jù. Wọ́n ti yà á lójú fóònù ná, èyí tí wọ́n yà ni yóò wà nílẹ̀, èyí tó o ṣàlàyé kò ní sí. Àwọn tó kà á tọkàntọkàn, tí wọ́n bá ọ jiyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn náà á bá a lọ.

Àwọn kan máa ń ronú ilé ẹjọ́, o ò sọ ọ́, àmọ́ ẹnì kan á dábàá rẹ̀ fún ọ. Ìtàn àgbà kan wà nídìí iṣẹ́ wa. Lọ́dún 1877, John Ruskin, alámèyítọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kọ ọ́ pé ayàwòrán James Whistler ń béèrè 200 gíní, owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, lórí pé ó da ìkòkò ọ̀dà sójú aráàlú. Whistler pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù November 1878, Whistler jàre, àmọ́ fárídíìnì kan, ìyẹn ìdámẹ́rin pẹ́nì, ni owó gbà-má-bínú tí wọ́n dá fún un. Kó tó pé ọdún kan, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n kéde pé kò lè san án mọ́. Ruskin ní tiẹ̀ fi ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tó dì mú ní Oxford sílẹ̀. Ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tí ẹnì kan bá parọ́ mọ́ ọ pé o gbowó kó o tó kọ̀wé, ìyẹn yàtọ̀, agbẹjọ́rò ni kó o bá sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Àmọ́ kí èèyàn torí pé wọ́n ní kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́, mi ò rí ìtàn kan tó dùn níbẹ̀.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ nìyí. Màá kọ àtúnṣe, màá fi ọjọ́ sí i, òkè ọ̀rọ̀ náà gan-an ni màá sì gbé e sí, níbi tí ojú á kọ́kọ́ bà lé e. Màá kọ ọ́ báyìí: "Àtúnṣe. Mo kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ìyá náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ gbólóhùn méjì lẹ́nu géètì. Àwọn òǹkàwé ló pe àkíyèsí mi sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ṣì rò pé ìtàn náà fi í sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo lò lágbára ju ẹ̀rí tí mo ní lọ." Ó tán. Má fi "bó bá bí ẹnikẹ́ni nínú" sí i, torí kì í ṣe inú ẹnikẹ́ni lo ṣẹ̀, fíìmù náà lo ṣẹ̀. Má tún ki ẹsẹ̀ bọ èébú tí wọ́n bú ọ níbẹ̀. Àtúnṣe tó bá ń ráhùn ti di ẹjọ́. Jẹ́ kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó o ṣì kọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà lórí rẹ̀, kí ẹni tó bá wá lẹ́yìn lè rí ohun tí wọ́n ń jà sí. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wàá ní, ṣé wọn ò ní sọ pé mo ti ṣubú? Àwọn kan á sọ ọ́. Roger Ebert, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ lámèyítọ́ fíìmù, ti gba ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1975. Ní April 2010, ó kọ ọ́ pé géèmù orí fídíò kò lè di iṣẹ́ ọnà láéláé. Èsì tó wọlé lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, àwọn tó sì fara mọ́ ọn ò tó nǹkan. Ní oṣù July ọdún yẹn, ó tún kọ̀wé. Ó ní òun ṣì gba ohun tí òun gbà gbọ́, àmọ́ kò yẹ kí òun ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí òun ò mọ̀ dáadáa, torí òun kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá géèmù. Mo mọ àwọn tó ń pe ìyẹn ní àbọ̀ àforíjì. Èmi ò gbà. Ó ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ́ pọ̀: ohun tí mo rò, àti bóyá mo ti ṣiṣẹ́ tó lè mú kí n sọ ọ́ síta. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ariwo gbà á. Èkejì ni àwọn òǹkàwé ní ẹ̀tọ́ láti bi í, ó sì dá wọn lóhùn. Ìwọ náà, èrò rẹ nípa ìyá yẹn jẹ́ tìrẹ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn wákàtí kan ni gbèsè rẹ.

Bó o bá ń kọ ọ́, má ronú nípa ẹni tó bú ọ. Nínú gbogbo àwọn tó ka ọ̀rọ̀ náà, àwọn tí kò sọ nǹkan kan ló pọ̀ jù. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń wo bó o ṣe ń ṣe, wọn ò sì ní jẹ́ kó o mọ̀. Àwọn lò ń dá lóhùn. Ẹlẹ́nu burúkú kàn jókòó sáàárín ìwọ àti wọn ni. Mo ní ìwé àjákọ kékeré kan tí mo máa ń kọ èsì mi sí kí n tó gbé e síta, bírò ni mo fi ń kọ ọ́, torí ọwọ́ tó ń kọ̀wé kì í yára bí èyí tó ń tẹ fóònù. Màá fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá tún kà á, màá fa ìlà lé ìdajì rẹ̀, àwọn ìgbà mìíràn sì wà tí màá ya ojú ìwé náà sọnù. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ojú ìwé tìrẹ ni kó o sì gbé èsì sí, má lọ bá wọn níbi tí wọ́n kóra jọ sí.

Ṣùgbọ́n ó níbi tí ìmọ̀ràn mi mọ. Ọkùnrin ni mí, mo sì ti dàgbà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé, kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo níyàwó kó tó ta ko ohun tí mo sọ nípa orin. Nínú mẹ́tàlélógún tìrẹ, mọ́kànlá ló jẹ́ nípa ara rẹ, ọjọ́ orí rẹ àti bóyá o lọ́kọ. Nígbà tí ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ wò lọ́dún 2016, tí wọ́n yẹ èsì tó tó 70 mílíọ̀nù wò, wọ́n rí i pé nínú àwọn òǹkọ̀wé wọn mẹ́wàá tí wọ́n bú jù, mẹ́jọ jẹ́ obìnrin, méjì yòókù sì jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn mẹ́wàá tí wọ́n bú kéré jù. Nítorí náà, tí mo bá ní kó o fara balẹ̀, mo mọ̀ pé ẹrù tí mo ní kó o rù wúwo ju èyí tí èmi rù lọ. Dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ara rẹ, má ṣàlàyé, má bẹ̀bẹ̀. Kò já sí pé o sá fún àríwísí, torí kò rí iṣẹ́ rẹ wí.

Èyí tó sì kọ ọ́ pé òun mọ ibi tó ò ń gbé, má ka ìyẹn mọ́ ọ̀rọ̀ fíìmù rárá. Má dá a lóhùn, má sì pa á rẹ́. Yà á lójú fóònù kí orúkọ tó ń lò, ọjọ́ àti aago hàn, fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ìkànnì náà, mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó o sì sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Wàá rí àwọn tó máa sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé kò sẹ́ni tó máa wá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó máa fi ẹ̀mí ara rẹ dán an wò.

Ní ti pé o fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ pé kò sẹ́ni tó ń fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn, oṣù méje ni mi ò fi kọ ohunkóhun síta. Mo wulẹ̀ ń lọ wo ìpàtẹ, mo ń wo nǹkan láìsí ìwé lọ́wọ́, ó sì ṣe mí láǹfààní. Tó o bá fẹ́ sinmi, sinmi, kàn má pinnu rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kọ́kọ́ tún fíìmù náà wò. Gbólóhùn méjì tí ìyá yẹn sọ lẹ́nu géètì, ọmọ rẹ̀ ò dá a lóhùn, kámẹ́rà sì ti yí kúrò lára rẹ̀ kó tó sọ èkejì tán. Ìwé kan wà nínú ìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ, ó sì lè lágbára ju èyí tó o kọ tẹ́lẹ̀ lọ. Tó o bá kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú yẹn, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.